Ewúro Ẹ̀yìnkùlé Lucy

Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Ti Wòsílátù ti kọjá oògùn, oúnjẹ ló fi ń ṣe. Láyé ọ̀wọ́n gógó SAP, nígbà tí igbó ṣì pọ̀ ju ilé lọ ní Ìgàndó, bí ènìyàn bá kí i lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, á ti máa ro ohun tí onítọ̀hún ń wá.

Àgbàsìn ni ewúrẹ́ kan ṣoṣo tó ń sìn. Sàlàkọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ni ín. Bó bá bímọ, wọ́n á pín in. Bó bá kú, Wòsílátù gbọ́dọ̀ gbé orí rẹ̀ lọ fi hàn án ní Ẹgbẹ́dá, kí wọ́n má baà ní ó tà á ni. Ewúrẹ́ náà lóyún, ara rẹ̀ kò sì yá, ó ń yàgbẹ́ olómi. Ó kọ èèpo ẹ̀gẹ́, ó kọ èèpo iṣu, ṣùgbọ́n láràárọ̀ á gba ẹ̀yìnkùlé Lucy lọ, á máa jẹ ewúro. Lucy yìí, ìyá Julius, ayálégbé ará Èkìtì ni, kò tíì pẹ́ tó kó dé. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Wòsílátù lọ bá a.

“Ìyá Julius, kí lo fi sí ewúro yìí?”

“Omi nìkan ni mo ń bu sí i, mà.”

“Jẹ ẹ́ kí n rí i.”

Lucy já ewé kan, ó rún un títí omi fi yọ lójú rẹ̀, ó sì gbé e mì. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó gé ewúro náà kanlẹ̀, kí ìjà má baà sí.

Wòsílátù so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, ó da èèpo síwájú rẹ̀. Ìgbẹ́ rẹ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í le tún di omi, aràn funfun sì ń bá a jáde. Ẹ̀rù bà á. Ó ti ń rí ara rẹ̀ tó ru orí ewúrẹ́ nínú abọ́ lọ sí Ẹgbẹ́dá. Ló bá tú okùn. Ìdí kùkùté ewúro ni ẹran náà sáré lọ tààrà, ó ń fimú tú ilẹ̀, ó ń ké. Ibẹ̀ ni Wòsílátù ti rántí ìyá rẹ̀, tó máa ń fún wọn ní omi ewúro mu bí aràn bá ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ojú tì í gidigidi.

Ó kan ilẹ̀kùn Lucy.

“Ṣé ewúro yẹn ò kù nílé?”

“Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, mà?”

“Ewúrẹ́ mi ni. Oògùn aràn ló ń wá wá síbí, èmi ni mi ò mọ̀.”

Lucy gbé ìdì kan tó ti rọ jáde, ṣùgbọ́n kò nà án sí i. “Ẹ ò ní kọ́kọ́ tọ́ ọ wò?”

Wòsílátù já ewé kan, ó rún un, ó gbé e mì. Ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kíkorò náà gbà á lẹ́nu. “Má bínú” nìkan ló rí sọ. Lucy gbé ìdì náà lé e lọ́wọ́.

Bó ṣe ń lọ, ó bojú wẹ̀yìn. Lucy ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó bí Wòsílátù fúnra rẹ̀ ṣe máa ń wo àwọn ènìyàn.