Ampilifáyà Tí Mo Kọ̀ Láti Dá Padà

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló pe ampilifáyà mi ní páálí ọṣẹ. Lóòótọ́, kò tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ: irin dúdú kékeré kan, bọ́tìnnì roboto kan níwájú, iná pupa bíńtín. Ọwọ́ ọkùnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì wa ní Igbó Ẹfọ̀n ni mo ti rà á, nígbà tó ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sí òkè òkun.

Hẹ́dífóònù ńlá kan ni mo kọ́kọ́ rà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo délé wa ní Addo tí mo so ó mọ́ fóònù mi, ohùn tó jáde dà bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò tí wọ́n dé. Mo gbé ohùn fóònù náà sókè dé òpin, síbẹ̀ ó ń ké tín-ín-rín. Lọ́jọ́ kejì mo gbé e padà fún un.

Mo ní, "Ọ̀gá, nǹkan tí ẹ tà fún mi ti bàjẹ́ o."

Ó rẹ́rìn-ín. "Kò bàjẹ́, Mádáàmù. Ebi ló ń pa á. Agbára tó wà nínú fóònù yín kò tó o jẹ." Ló bá mú irin dúdú náà jáde nínú báàgì rẹ̀, ó ní òun ló máa ń bọ́ hẹ́dífóònù náà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo so gbogbo wọn pọ̀. Orin tí mo fi dán an wò ni èyí tí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Ajah kọ lọ́jọ́ ìkórè kan, nígbà tí èmi náà ṣì wà láàárín wọn. Álítò ni mo máa ń kọ, ohùn obìnrin tó wà nísàlẹ̀. Láti ìgbà tí ẹnìkan ti fi orin náà ránṣẹ́ sí mi ni mo ti ń gbọ́ ọ lórí fóònù, mi ò sì gbọ́ álítò nínú rẹ̀ rí. Àwọn ohùn òkè ni mo ń gbọ́, àti dùùrù. Mo ti gbà nínú ara mi pé bóyá a ò kọ ọ́ síta tó ni.

Lọ́jọ́ yẹn, mo gbọ́ wa.

Ohùn wa rọra wọlé lábẹ́ ti àwọn yòókù, ó nípọn, ó gbé wọn dúró. Mo gbọ́ bí a ṣe jọ mí kí a tó gbé ẹsẹ kejì. Mo gbọ́ bàtà ẹni tó ń tẹ dùùrù bó ṣe ń kan pákó. Kì í ṣe pé ariwo pọ̀ sí i. Mo tiẹ̀ dín in kù. Àyè ló wà láàárín ohùn kan àti èkejì. Omi bọ́ lójú mi, mi ò nù ún.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi náà, tí a ń pè ní Àǹtí, ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà, torí wọ́n ń tún ilé tirẹ̀ ṣe. Ibi tí mo jókòó sí nínú yàrá ló ti bá mi. Ó pè mí, mi ò gbọ́. Nígbà tí mo máa yíjú, ó ti gbọ́wọ́ lé ìbàdí.

"Ìyàwó, ó ti pẹ́ tí mo ti ń pè ọ́."

"Ẹ má bínú mà, orin ni mò ń gbọ́."

"Ṣé fóònù ò kọrin mọ́ ni? Kí wá ni ti páálí ọṣẹ yìí?"

"Ó ń jẹ́ kí ohùn mọ́ sí i ni, mà."

"Wọ́n ti lù ọ́ ní jìbìtì. Lọ dá a padà fún ẹni tó tà á."

Kò sí àlejò tó wọlé wa lẹ́yìn ìyẹn tí Àǹtí kò sọ ìtàn ìyàwó tó ra páálí ọṣẹ fún. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rín in. Àwọn ọdún tí wọ́n ń fẹ títì márosẹ̀ nìyẹn. Eruku àti ariwo ni mò ń jẹ bọ̀ láti ibi iṣẹ́, bí mo bá sì délé, jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò á gbà á níbẹ̀. Ìgbà tí mo bá dé hẹ́dífóònù yẹn sórí nìkan ni ara máa ń tù mí. Ní Sọ́ńdè kan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Àǹtí tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká dán an wò. Màá kọjú sí ògiri. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn mi, fóònù nìkan tàbí ampilifáyà. Èmi á máa sọ èyí tó jẹ́."

Ó gbà. Orin bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Ampilifáyà."

"Fóònù ni!" Ó pàtẹ́wọ́. "Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀ àbí mi ò sọ ọ́?"

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ti gbé fóònù sókè dé òpin, ó sì ti rẹ ampilifáyà sílẹ̀. Èyí tó dún jù ni mo kàn mú.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n dọ́gba, mà."

"Ó ti ń wá àwáwí."

"Mi ò wá àwáwí. Kó dọ́gba ni mo fẹ́."

Ọkọ mi ló dìde. Ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ méjèèjì, ó yí bọ́tìnnì síwá sẹ́yìn títí wọ́n fi dọ́gba. Òun náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ wọn. Mo di ojú. Mi ò wá èyí tó dún jù mọ́. Àwa álítò ni mò ń wá.

"Fóònù," mo wí. Ó pààrọ̀ rẹ̀. "Ampilifáyà nìyẹn." Orin dúró díẹ̀ bí ẹni pé ó yọ nǹkan, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. "Ampilifáyà náà ṣì ni. Ẹ ò yọ ọ́."

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, mi ò yọ ọ́ lóòótọ́!"

Àǹtí ní òun náà fẹ́ gbọ́. Ó jókòó, ó gbọ́ tibí, ó gbọ́ tọ̀hún, kò kánjú. Ó wá bọ́ ọ lórí.

"Bákan náà ni wọ́n rí létí mi."

Kò purọ́. Mo wo ojú rẹ̀, mo mọ̀ pé bó ṣe gbọ́ ọ ló ṣe sọ ọ́.

Mo ní, "Mo gbà fún yín, mà. Ṣùgbọ́n wọn ò rí bákan náà létí tèmi. Etí tèmi yìí ni mo sì rà á fún, kì í ṣe ti àlejò."

"Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, mà, ẹ má bínú. Láti àárọ̀ ni mo ti ń dá èèyàn lóhùn, lọ́fíìsì àti nínú ilé. Àkókò tí mo fi ń gbọ́ orin, tèmi ni. Bí ẹ bá fẹ́ mi, ẹ fọwọ́ kàn mí léjìká, màá dáhùn. Ṣùgbọ́n mi ò ní dá a padà fún ẹni tó tà á, mi ò sì ní máa fi í pamọ́ sí yàrá mọ́."

Ọkọ mi wo ilẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ó gbọ́ orin rẹ̀."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti gbé tábìlì kékeré jáde láti yàrá wá sí pálọ̀, mo gbé e sẹ́bàá fèrèsé, níbi tí ojú gbogbo ẹni tó bá wọlé á ti tó o. Fún ọjọ́ mélòó kan, bí mo bá kúnlẹ̀ kí Àǹtí, "Hùn" ló fi ń dá mi lóhùn. Mi ò dẹ́kun kíkúnlẹ̀, mi ò sì gbé tábìlì náà kúrò.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ọwọ́ kan kàn mí léjìká. Mo ṣí etí kan.

"Mà?"

"Níbo lo gbé iyọ̀ sí?"

Mo sọ fún un. Ó dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi.

"Kò tíì sú ọ?"

"Kò tíì sú mi, mà."

Ó pòṣé, ó kọrí sí kíṣìnnì. Èmi náà tún dé hẹ́dífóònù mi padà.