Ìpele Tí Kò Ní Òkìtì

Àwọn kóòṣì ló ń pè é ní Màmá Máàkì, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Olùkọ́ eré ìdárayá ni níléèwé girama, ṣùgbọ́n eré ìwúrí ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́, ìyẹn eré tí àwọn ọmọ ti máa ń gbé ara wọn sókè, tí wọ́n ń ta òkìtì, tí wọ́n sì ń kígbe fún ẹgbẹ́ wọn ní ohùn kan. Òun ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú òfin ìdíje rẹ̀: ohun tí ìpele kọ̀ọ̀kan lè ṣe, èyí tí kò gbọdọ̀ dán wò, àti iye máàkì tó tọ́ sí i.

Òfin ọjọ́ orí wà lára ohun tó kọ. Lọ́dún kan, ẹgbẹ́ kan fi obìnrin tó ti bímọ pamọ́ sáàárín àwọn ọmọ iléèwé. Wọ́n gbé e sókè tán, gbogbo ilé ń pàtẹ́wọ́, ni ọmọ kékeré kan bá dìde lórí àga, ó kígbe pé, "Màámi, ẹ rọra o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Màmá Máàkì náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kí ọdún kejì tó dé, ó ti kọ ọ́ pé ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún kò gbọdọ̀ bá àwọn ọmọdé díje mọ́, kò sì sí àyè ẹ̀bẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọmọbìnrin tí gbogbo èèyàn ń pè ní Tínńtín. Àìsàn ìgbà èwe ti mú kí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju tòsì lọ. Ó lè rìn, ó lè jó, tí wọ́n bá sì gbé e sókè, á dúró bí abẹ́là. Òkìtì ni kò lè ta. Bẹ́ẹ̀, kò sí ìpele tí òkìtì kò kó ìdámẹ́rin máàkì níbẹ̀. Bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ kò bá ta á, gbogbo wọn ló pàdánù rẹ̀. Kóòṣì wo ló máa fara mọ́ ìyẹn? Nítorí náà, lọ́jọ́ ìdíje, Tínńtín á wọ aṣọ ẹgbẹ́, á sì jókòó ti àwọn ike omi.

Ìyá rẹ̀ bá kọ ìpele tuntun. Kò ní òkìtì. Ẹni tí wọ́n bá gbé kò ní ga ju èjìká àwọn tó gbé e lọ, ẹnì kan á sì dúró lẹ́yìn láti hán an bó bá yẹ̀. Ìdúró ṣinṣin àti ìṣọ̀kan ni yóò gba máàkì; ohun tó ṣòro tó sì ń gbọ̀n kò ní borí ohun tó rọrùn tó sì dúró.

Bàbá Fèrè, àgbà kóòṣì tí fèrè kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ló fi í ṣe yẹ̀yẹ́ jù.

"Màmá Máàkì, tó bá jẹ́ ìdúró lẹ fẹ́ máa fún ní máàkì, òpó iná tó wà níta yìí ni kí ẹ gbé ife fún."

"Ẹ lọ gbé òpó náà lé èjìká ọmọ mẹ́ta, Bàbá. Tí kò bá mì, màá fún un."

Ṣùgbọ́n àwọn kóòṣì ní àṣà kan: wọn kì í dìbò fún òfin tí ẹnì kankan kò tíì fi ara ṣe lójú wọn. Ọdún méjì ni kò rí ẹni tó máa yá a lọ́mọ, ọ̀rọ̀ náà sì ń kú sẹ́nu. Lọ́dún kẹta, Tínńtín fúnra rẹ̀ lọ bẹ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n gbé òun.

"Màámi, èmi gan-an ni ìpele yín. Ẹ jẹ́ kí n lọ fara hàn wọ́n."

Lọ́jọ́ ìpàdé àwọn kóòṣì, ìyá rẹ̀ dúró létí ẹní ńlá tí wọ́n tẹ́ sínú gbọ̀ngàn. Ó gbọ́ bí àwọn ọmọ náà ṣe ń ka ení, èjì, kí wọ́n tó gbé e. Ó gbọ́ èémí wọn. Lẹ́yìn náà ni ìdákẹ́jẹ́ kan dé tí àga kankan kò dún, àfi ohùn Bàbá Fèrè tó ń kùn pé, "Ẹ wo ọmọ yìí o." Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn kóòṣì nawọ́ dìbò, ti bàbá náà ló kọ́kọ́ lọ sókè.

Òfin náà wọlé, àmọ́ ìdíje ọdún tó tẹ̀ lé e ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí ìdíje náà fi ku oṣù kan, Tínńtín pé ọmọ ọdún méjìdínlógún.

Bàbá Fèrè wá bá ìyá rẹ̀ nílé. "Ìyá Tínńtín, oṣù kan péré. Ẹ sún òfin ọjọ́ orí yẹn díẹ̀. Ta ló máa bá yín jà? Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ ọ́."

"Torí pé èmi ni mo kọ ọ́ ni, Bàbá. Ọmọ tí ẹ mú wá bẹ̀ mí lọ́dún tó kọjá ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ kan ni tiẹ̀ fi lé. Kí ni mo sọ fún un?"

Bàbá náà di fèrè rẹ̀ mú, ó mi orí. "Òótọ́ ni. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀."

Tínńtín ń fọ abọ́ nínú ilé ìdáná, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sunkún. Ife kan náà ló kàn ń fọ̀, tó ń tún un fọ̀, títí àlejò fi lọ.

Lọ́jọ́ ìdíje, ẹgbẹ́ mẹ́fà ló jáde ní ìpele tuntun. Ọmọ kan tó wọ bàtà onírin tó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ ró wà nínú wọn. Àwọn òbí rẹ̀ ń pariwo bí ẹni pé ilé fẹ́ wó. Màmá Máàkì wà nídìí tábìlì adájọ́, ó ń kọ máàkì. Tínńtín ń pín omi.

Ẹsẹ̀ ni àwọn méjèèjì fi rìn lọ sílé.

"Màámi, èmi ńkọ́? Lọ́jọ́ tí mo fi hàn wọ́n, máàkì mélòó lẹ̀ bá fún mi?"

Ìyá rẹ̀ gbé báàgì ọwọ́ rẹ̀ sí èjìká kejì.

"Gbogbo ayé ní mo dúró dáadáa. Tẹnu yín ni mo fẹ́ gbọ́."

"Mi ò rí i, ọmọ mi. Bí wọ́n ṣe fẹ́ gbé ẹ báyìí, ẹ̀rù bà mí, mo bá dijú. Ìgbà tí mo fi máa lajú, o ti wà nílẹ̀."

Tínńtín dúró lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló gba báàgì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì ṣíwájú. Ìyá rẹ̀ ń wo ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn bó ṣe ń wọ́ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀ títí wọ́n fi délé.