Ihò Tí Alága Dí

Alága ẹgbẹ́ onílé wa ní Dọpẹmu ni ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Ó ti pẹ́, àmọ́ n kò gbàgbé, n kò sì díbọ́n pé mo gbàgbé.

Ìgbà SAP ni, tí owó náírà já wálẹ̀, àwọn ṣọ́jà ló ń ṣèjọba. Kẹrosíìnì wọ́n bí imí eégún. Iwájú ilé alága la máa ń to kẹ́ẹ̀gì sí láti àárọ̀, nítorí òun nìkan ló ń tà á ládùúgbò wa. Àwa obìnrin á jókòó tì í, a ó máa bú ara wa, a ó máa rẹ́rìn-ín. Tí fèrè ilé iṣẹ́ tó wà lọ́nà Ìkẹjà bá dún, ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ á ní kí ẹnìkejì bá òun ṣọ́ kẹ́ẹ̀gì òun. Títí dòní, tí mo bá gbóòórùn kẹrosíìnì, àwọn obìnrin yẹn ni mo máa ń rántí.

Sáyẹ́ǹsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé girama. Mo mọ̀ pé ìgbẹ́ màlúù tí wọ́n ń dà nù ní Oko Ọba, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, tí a bá pò ó mọ́ omi, tí a dé e pa, á mú gáàsì jáde. Mo dán an wò nínú àgbá kan, mo fi rọ́bà fa gáàsì náà dé ìdí sítóòfù. Nígbà tó yá, iná búlúù jó, omi tíì hó. Ìyá àgbà kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń gbé ilé kejì sí wa, wò ó títí.

"Tíṣà, ẹlẹ́bọ́tọ tí a fi ń pa ilẹ̀ nílé ìyá mi, òun ló ń se tíì yìí?"

"Òun ni, Mà."

"Ẹ bù ú wá. Ọwọ́ mi ti pa á rí, ẹnu mi ò ní kọ̀ ọ́."

Ilé méjìlá gbà kí a jọ gbẹ́ ihò ńlá kan fún un. Àwọn alápatà ṣèlérí ìgbẹ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, ilé tí yóò dáná láàárọ̀ àti èyí tí yóò dáná nírọ̀lẹ́, kí gáàsì lè kárí. Àwa obìnrin la gbẹ́ ihò náà sí ilẹ̀ òfìfo ẹ̀yìnkùlé. A parí rẹ̀ ní Sátidé.

Ní Sọ́ńdè, alága pe ìpàdé.

"Ẹ̀yin ọkọ," ló wí, "Ìyá Ẹlẹ́bọ́tọ fẹ́ kí wọ́n máa fi ìgbẹ́ se ọbẹ̀ fún yín. Lọ́jọ́ tó bá bú gbàmù, ta ni yóò wẹ̀ yín?"

Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín títí. Àwọn tó bá mi ru erùpẹ̀ sorí kó. Ní Mọ́ńdè, ó kó lébìrà wá, wọ́n dí ihò náà. A padà sídìí kẹ́ẹ̀gì, mo to tèmi náà. Orúkọ yẹn sì lẹ̀ mọ́ mi títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Nígbà tí àìsàn dá alága dùbúlẹ̀, mo lọ kí i. Kì í ṣe àánú ló gbé mi lọ. Mo bi í bóyá ó gbà lóòótọ́, nígbà náà, pé gáàsì náà ò ní jó.

Ó rọra yíjú sí mi.

"Tíṣà, mo mọ̀ pé á jó. Ìdí tí mo fi dí i nìyẹn."