Ìyá Òfin àti Ọmọ Ọlọ́wọ́ Kan

Ìyá Òfin ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń pe tíṣà ìṣirò wọn, kì í sì í ṣe pé ó lẹ́jọ́ ní kóòtù o! Òfin ohun tí àwọn oníṣirò ń pè ní ẹgbẹ́, ìyẹn àkójọ àwọn yíyí tó ṣeé so pọ̀, ló ń kọ́ ọmọ, ó sì fẹ́ràn òfin yìí ju oúnjẹ lọ. Páálí onígun mẹ́rin kan kì í wọ́n lọ́wọ́ ẹ̀, á máa yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, á ní:

"Yíyí kan wà tí kì í yí nǹkan kan padà, Jẹ́ẹ́ lorúkọ ẹ̀. Yíyí kọ̀ọ̀kan sì ní Olùtú tiẹ̀ tó ń tú u padà, táwọn méjèèjì bá pàdé, wọ́n á di Jẹ́ẹ́. Bẹ́ẹ bá to yíyí mẹ́ta, ẹ kọ́kọ́ so méjì iwájú pọ̀ o, ẹ kọ́kọ́ so méjì ẹ̀yìn pọ̀ o, ibì kan náà lẹ máa já sí."

Kíláàsì á wá na ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n á ké e pé Jẹ́ẹ́ àti Olùtú gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lọ́tùn-ún yíyí, kí wọ́n sì ṣiṣẹ́ lósì ẹ̀, ọwọ́ kan fún ìhà kan. Ẹni tó bá na ọwọ́ kan ṣoṣo nígbà ìdánwò àfẹnusọ, àtúnkà ló gbà yẹn. Ìyá Òfin kì í gbẹ̀bẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ọmọ télọ̀ kan dìde, ó na ọwọ́ òsì nìkan. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé bàbá ẹ̀ ti búra: tó bá fi lè tún kíláàsì kà, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló kù.

"Ọwọ́ kejì dà?" Ìyá Òfin bi í.

"Tòsì nìkan ti tó, mà. Tọ̀tún á tẹ̀ lé e fúnra ẹ̀. Mo gbìyànjú ẹ̀ nílé."

"Á tẹ̀ lé e kẹ̀! Ṣé ajá ni?" Inú bí Ìyá Òfin, ó gbá ṣọ́ọ̀kì mú lórí tábìlì. Ó kọ yíyí kan sí pátákó, ó kọ Olùtú ẹ̀ sí ọ̀tún, níbi tí òfin ọmọ náà ò dé. "Ó yá, gbà mí níbí, sọ wọ́n di Jẹ́ẹ́."

"Ẹ fi Jẹ́ẹ́ ṣíwájú wọn, mà. Ṣebí Olùtú náà ní Olùtú tiẹ̀? Ẹ fi Olùtú méjèèjì yẹn rọ́pò Jẹ́ẹ́, Olùtú Olùtú lósì."

Ìyá Òfin kọ ọ́, ó ń mí hẹlẹ. Ó so àwọn tó wà láàárín pọ̀: Olùtú ló wà lósì yíyí, wọ́n di Jẹ́ẹ́. Jẹ́ẹ́ ò yí nǹkan kan padà. Olùtú méjì ló ṣẹ́ kù, àwọn náà sì di Jẹ́ẹ́.

Ó tún un kà. Ó gbìyànjú Jẹ́ẹ́ fúnra ẹ̀ lọ́tùn-ún, ìyẹn náà jáde wẹ́rẹ́. Orí ẹ̀ wú. Háà! Gbogbo ọjọ́ tó ti ń kọ́ni, ìdajì òfin ti wà nínú ìdajì kejì, ó jókòó síbẹ̀ jẹ́jẹ́, kò sẹ́ni tó yọjú wò ó. Inú ẹ̀ dùn débi pé ẹ̀rù bà á.

"Mà," ọmọ télọ̀ ní, "kí ni kí n sọ fún bàbá mi?"

"Sọ pé o yege."

Ìyá Òfin na ṣọ́ọ̀kì sí i, ó lọ jókòó sáàárín àwọn ọmọ, lórí àga tí ọmọ télọ̀ ti dìde.

"Tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà, ẹ rọra máa ṣe é."