Ọṣẹ Lábẹ́ Ọ̀dà Pupa

Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, sítóòfù oníkẹrosíìnì àlòkù ni mò ń tún ṣe ní Okokomaiko. Màá rà á, màá ha ibi tó ti dógùn-ún, màá kùn ún lọ́dà, màá tà á. Àwọn oníbàárà mi máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹni tó gbé tirẹ̀ wá fún ọ̀dà nìkan yóò padà wá sọ pé iná rẹ̀ ti dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òwú kan náà ni o, mi ò fọwọ́ kàn án!

Lọ́jọ́ kan, mo rí ihò tín-ín-rín lábẹ́ táǹkì ọ̀kan. Iná ò sí, wẹ́dà tó máa ń bá mi jó irin sì ti lọ sílé. Mo fi ọṣẹ ìfọṣọ dí i, bí àwọn mẹkáníìkì ṣe máa ń dí táǹkì mọ́tò tó ń jò, mo ní tó bá di ọjọ́ kejì màá gbé e lọ jó. Mo wá kùn ún ní pupa. Nígbà tó gbẹ, ó ń dán yinrinyinrin, mo sì gbàgbé ihò. Kí n má purọ́, bí mo ṣe ń wò ó, mi ò rò pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ní àbùkù. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìyàwó sójà kan tó ń dín àkàrà nínú bárékè Ọ̀jọ́ rà á.

Nírọ̀lẹ́, mo fẹ́ wẹ̀, mo mú ìyókù ọṣẹ yẹn. Mo rántí ihò. Ooru yóò yọ́ ọṣẹ, kẹrosíìnì yóò jò sílẹ̀, iná yóò sì ràn mọ́ ọn.

Mo gun ọ̀kadà. Sójà ẹnu géètì dá mi dúró, mo ní ilé alákàrà ni mò ń lọ, ó júwe rẹ̀ fún mi. Mo bá obìnrin náà níwájú ilé, ó pọn ọmọ, ìkòkò epo ti wà lórí sítóòfù, ìṣáná wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má ṣáná! Ó ń jò!”

Ó rẹ́rìn-ín. “Èyí tó rẹwà báyìí? Mo ti fi se omi lọ́sàn-án, ó tètè hó ju ti àtijọ́ lọ. Ọ̀gá pẹ́ńtà, ẹ ti rí oníbàárà mìíràn tó fẹ́ san jù mí lọ ni.”

Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Mo gbé ìkòkò epo kúrò, mo gbé sítóòfù sókè, mo fi ọ̀bẹ àlùbọ́sà rẹ̀ ha ìdí táǹkì. Ọ̀dà ṣí, ọṣẹ rírọ̀ bá a jáde, kẹrosíìnì dà sí mi lọ́wọ́.

Ó pariwo. Ọkọ rẹ̀ jáde sí wa, ó wo ọṣẹ, ó wo ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

“Ta ló kun èyí?”

Mo ní èmi ni.