Ìwọ̀ Tí Mo Pa Lẹ́nu

Iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń ṣe ní Mowé. Mò ń sín in, mò ń tà á, mo sì ń tún èyí tó bá já ṣe. Nítorí náà, nígbà tí ọmọbìnrin mi sọ pé òun fẹ́ máa fi ìjẹ ẹ̀tàn pa ẹja, irú èyí tí wọ́n ń fi irin tó ń dán ṣe kí ẹja lè rò pé ẹja kékeré ló ń lọ, gbogbo irinṣẹ́ ti wà nílé. Ẹ̀mú ẹlẹ́nu tín-ín-rín wà, èyí tó ń gé wáyà wà, fáìlì kékeré wà. Ìfọ̀kànbalẹ̀ nìkan ni kò sí.

Òun nìkan ni ọmọ tí mo ní. Oyún méjì ló ṣáájú rẹ̀ tí kò dúró. Ó ti parí ilé ìwé girama, ó ń dúró de yunifásítì, síbẹ̀ bó bá fẹ́ sọdá òpópónà márosẹ̀, mo máa ń dúró wò ó títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi kan òdìkejì. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ládùúgbò, wọ́n ní màá bá a wọ kíláàsì ní yunifásítì. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ fún wọn pé mo ti rò ó rí.

Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi ní Ìbàfò ló ti kó ìfẹ́ ẹja. Apẹja ni Baba, ilé wọn kò sì jìnnà sí àbàtà tó lọ bá odò Ògùn. Ọmọ yìí bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa gbé òun wọ ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ní, "Ẹni tí kò bá tíì fi irinṣẹ́ ara rẹ̀ pa ẹja létí omi, kò ní wọ ọkọ̀ mi. Orí omi kì í ṣe ibi ìran wíwò."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi nínú. Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Ọmọ mi délé, ó kúnlẹ̀: "Mọ́mì, ẹ bá mi ṣe irin rẹ̀. Kò sẹ́ni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gún tó tiyín."

Mo ṣe é. Ní ọjà Ifọ̀, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù irin, mo ṣa ṣíbí àtijọ́, àwọn tó wúwo, nítorí tòde òní fẹ́lẹ́ bí ewé. Mo fi ayùn gé ọrùn wọn, mo fi fáìlì rin etí wọn títí kò fi ní gé ènìyàn lọ́wọ́, mo fi ìṣó lu ihò sí i lórí. Mo na wáyà títí ó fi gún, mo sín ìlẹ̀kẹ̀ sí i kó ní ara bí ẹja, mo fi òrùka so ṣíbí mọ́ ọn lókè, mo fi òrùka mìíràn so ìwọ̀ mọ́ ọn nísàlẹ̀. Òrùka ni mo mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ẹnu òrùka gbọ́dọ̀ pàdé débi pé bí o bá fi èékánná wọ́ ọ, èékánná kò ní kọ́. Bó bá kọ́, mo máa ń tú u ṣe. Àwọn kan ní kí n yọ́ òjé sí i kó lè wúwo. Mo ní kò sí òjé tí wọn yóò yọ́ nínú ilé tí ọmọ mi ti ń mí. Nọ́ọ̀tì ni mo lò.

Ìwọ̀ nìkan la rà. Nígbà tí ọmọ mi jáde lọ ra búrẹ́dì, mo mú fáìlì, mo pa ẹnu ìwọ̀ náà. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò, kò wọlé. Mo wá fi aṣọ nù ún kó lè máa dán. Ìwọ̀ tí kò mú kò ní gún un lọ́wọ́. Kò ní pa ẹja. Bí kò bá sì pa ẹja, kò ní wọ ọkọ̀, omi kò sì ní rí i gbé lọ. Ìtọ́jú ni mo pè é nígbà yẹn.

Nílé wa, oore tí a bá ṣe fún ọ lónìí, o gbọ́dọ̀ tún dúpẹ́ rẹ̀ lọ́la. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó kúnlẹ̀ níbi tí mo ti ń jẹun. "Ẹ ṣé àná, mọ́mì. Ẹ ṣé ìwọ̀, ẹ ṣé òrùka, ẹ ṣé gbogbo ẹ̀." Mo ní kó lọ bu omi wá fún mi.

Ó lọ sí Ìbàfò ní Sátidé, ó bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Ó tún lọ, ó tún bọ̀ bẹ́ẹ̀. Baba pè mí lórí fóònù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá Onílẹ̀kẹ̀, ọmọ rẹ kì í pa ẹja o! Àwọn ẹja ti mọ̀ ọ́n, wọ́n kàn ń wá kí i ni." Mo gbọ́ ohùn ọmọ mi lẹ́yìn wọn: "Baba, ẹ fi mí sílẹ̀ o, ẹ̀ẹ́ rí mi!" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo ṣe ìjẹ mìíràn fún un, èyí tó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo sì tún pa ẹnu ìwọ̀ rẹ̀. Ọpẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì kúrú. "Ẹ ṣé òrùka àná, mọ́mì." Èmi tí ìlẹ̀kẹ̀ kan kò lè dín kí n má mọ̀, mi ò gbọ́ ohun tó yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo se mọ́ín-mọ́ín, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìbàfò, mo gun ọ̀kadà dé ibi tí ọ̀nà parí sí. Baba jókòó, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Wọ́n ti dojú ọkọ̀ wọn dé sórí ilẹ̀, ọmọ mi sì ti tẹ́ aṣọ sórí ìdí ọkọ̀ náà, ó to àwọn ìjẹ onírin wa sí i. Bí mo ṣe ń kúnlẹ̀ kí Baba, apá mi fa aṣọ náà, ọ̀kan nínú wọn fẹ́ jábọ́. Mo ju ọwọ́ sí i, mo gbá a mú mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Mo mọ̀ pé kò lẹ́nu.

Ó lẹ́nu. Ó wọ ìka àárín mi títí dé ibi tí ẹ̀gún rẹ̀ wà, ó sì kọ́.

Èmi ni mo pariwo. Ọmọ mi sáré dé, kò pariwo. "Mọ́mì, ẹ má fà á. Ẹ wo ojú Baba." Ó yọ ẹ̀mú tó ń gé wáyà nínú àpò rẹ̀. Èmi ni mo sọ pé kò gbọ́dọ̀ lọ sétí omi láìmú un dání, èmi náà ni mo sì fi ìwọ̀ tí mi ò tíì pa lẹ́nu gún èèpo ọsàn nílé tí mo ní kó máa fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́. Ó ti ẹnu ìwọ̀ jáde ní òdìkejì, ó gé ẹ̀gún rẹ̀ dànù, ó fa ìyókù padà síbi tó gbà wọlé. Gẹ́lẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ.

Baba ń wò mí. "Ìwọ tó ń sá fún abẹ́rẹ́! Kí ló dé tó o gbá ìwọ̀ mú bí ẹni gbá èkuru?"

Ọmọ mi kò gbójú kúrò lára aṣọ tó ń wé mọ́ mi lọ́wọ́. "Oòrùn ló gba ojú wọn, Baba. Wọn ò rí i dáadáa."

"Oòrùn?" Baba gbójú sókè. Òjò ló ṣú. Wọ́n padà sídìí àwọ̀n wọn.

Ìgbà yẹn ni mo rí òkúta tí a fi ń pọ́n ọ̀bẹ, ó tutù, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ mi, ojú rẹ̀ kún fún ìlà tín-ín-tìn-ìn-tín. Ohun tí mo ń pa nílé, ó ń jí i dìde níbẹ̀. Àrọ̀ méjì sì wà nínú abọ́.

"Ó ti pa ẹja," ni Baba wí. "Mo fẹ́ gbé e wọ ọkọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ lo bí i, ẹnu rẹ là ń dúró dè."

Mo wo ọwọ́ mi tí ọmọ mi fi aṣọ wé. Mo ní, "Ẹ gbé e." Kì í ṣe ìgboyà. Ojú ló tì mí tí mo fi gbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé àná, mọ́mì."

Mo bi í pé, "Ìgbà wo lo mọ̀?"

Kò bi mí pé mọ kí ni. "Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹja gbé e tó tú u sílẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan ẹnu rẹ̀."

"Kí wá lo ń dúpẹ́ fún?"

"Òrùka," ló wí. "Òrùka yẹn dáa, mọ́mì. Mi ò dúpẹ́ ohun tẹ́ ò ṣe."

Ó dìde, ó lọ fọ abọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn mo fi fáìlì kan náà pọ́n gbogbo ìwọ̀ náà títí wọ́n fi ń gún aṣọ, mo gé ike bírò kéékèèké dé wọn lẹ́nu kó lè rí wọn gbé láìṣèṣe. Ó kàn tò wọ́n sínú àpò.

Ní Sátidé, mo bá a lọ. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo méjì tí mo so pọ̀ kí ọmọ mi lè dì í mú bí ọkọ̀ bá dojú dé. Àwọn apẹja méjì mìíràn wà níbẹ̀, Baba sì fẹ́ fi ọmọ hàn wọ́n. "Ẹ wò ó! Ẹni tí ẹja ń wá kí tẹ́lẹ̀! Ọwọ́ rẹ̀ kú nígbà yẹn bí ọwọ́ ìyàwó tuntun nídìí ọlọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi bá wọn rẹ́rìn-ín. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ nígbà yẹn ni, Baba." Ṣùgbọ́n omi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Mo gbọ́ ohùn ara mi. "Ọwọ́ rẹ̀ kò kú. Ìwọ̀ ló kú. Èmi ni mo fi fáìlì pa á lẹ́nu, kó má bàa pa ẹja, kó má bàa wọ ọkọ̀ yín."

Ọ̀kan nínú àwọn apẹja náà ní, "Háà." Èkejì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó rí ohun tí kò yẹ kó rí. Baba wò mí, wọ́n wo kẹ́ẹ̀gì mi, wọ́n ti ọkọ̀ sínú omi.

"Wọ ọkọ̀," ni wọ́n wí.

Mo bi wọ́n pé, "Ta ni, Baba?"

"Ìwọ tí ẹ̀rù omi ń bà. Jókòó sáàárín, má mira."

Mo kó kẹ́ẹ̀gì mi mọ́ra, mo wọlé. Ọmọ mi jókòó níwájú, ó ń yọ ike bírò kúrò lẹ́nu ìwọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sórí pákó tó wà láàárín wa. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Mọ́mì," ló wí, "ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan o."

Mo kó ọwọ́ méjèèjì sí ìtan. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan.