Lékeléke Peckham Rye

Ọmọbìnrin mi ló ní kí n bá òun lọ wo ẹyẹ. Mo bi í bóyá a máa pa wọ́n jẹ ni. Ó ní rárá, wíwò lásán ni.

Ó ti pẹ́ tó ti mú mi dé àárín àwọn ojúgbà rẹ̀ kẹ́yìn, n kò sì fẹ́ ṣe ohun tí kò ní jẹ́ kó tún pè mí mọ́. Nítorí náà, ní àárọ̀ Sátidé kan nígbà ìrúwé, tí ẹni tórí rẹ̀ pé ṣì ń sùn, mo tẹ̀ lé àwọn òyìnbó kan tí wọ́n wọ ẹ̀wù òjò nínú oòrùn yí ọgbà ìgbafẹ́ Peckham Rye ká. Gbogbo wọn gbé awò tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni kọ́ ọrùn. Bàbá tó ṣíwájú wa sọ pé àsìkò yìí ni àwọn ẹyẹ ń ti Áfíríkà dé, kí a má pariwo, kí a má sì gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n wọ̀lú láìgba físà, a tún ń rọra rìn nítorí wọn. Mo mi orí bí ọmọ ilé-ìwé.

Bí a ṣe ń wo igi kan tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ ni lékeléke kan fò wá láti ọ̀nà adágún, funfun báláú. Kí n tó mọ̀, mo ti na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sókè, mo ń gbọn èékánná mi sí i kó fún mi nínú funfun rẹ̀, bí a ti ń ṣe ní kékeré. Kí ni ọmọ Yorùbá tún máa ń ṣe tó bá rí lékeléke? Ẹyẹ náà yà, ó bá tirẹ̀ lọ. Gbogbo ojú wá yí sí mi.

Ọmọ mi bẹ̀ wọ́n lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n má bínú, ìyá òun kì í ṣe ará ibí.

Ó dùn mí dé egungun. North Peckham Estate àtijọ́, ilé káńsù tí kò jìnnà síbẹ̀, ni mo bí i sí, kí wọ́n tó wó o.

Bàbá náà ní kò burú. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́, irú ẹyẹ yẹn kì í yé, kì í pamọ nílùú yìí. Òkè òkun ló ti fò wá, àmọ́ ní báyìí ó ti di ọmọ onílẹ̀. Mo bá ẹyẹ náà yọ̀. Ó ṣeé ṣe kí n ti gba kọ́kọ́rọ́ ilé káńsù kó tó kọ́ ìtẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó funfun jù mí lọ.

Nígbà tí a ń padà sílé, ọmọ mi sún mọ́ mi. “Mummy, that nails thing, ṣé ó máa ń work?”

“Àwọn tí kì í ṣe ará ibí nìkan ló ń ṣiṣẹ́ fún.”

 Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ wọ àpò kóòtù mi, ó ń wá tèmi. Mo jẹ́ kó wá a dáadáa kí n tó fún un.